Ta ni yóò máa san owó ìtọ́jú adágún Ẹlẹ́yẹlé?

Bí òjò bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló ń wojú sánmà. Ẹni tó kó àpò ìrẹsì sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ń wò ó. Télọ̀ tí aṣọ oníbàárà kún ilé ìránṣọ rẹ̀ ń wò ó. Ẹni tó ń sin ẹja, tó ti fi owó àjọ ra oúnjẹ ẹja, ń wò ó, nítorí pé kò sí ẹni tó tíì gbàgbé ohun tí omi ti ṣe nílùú náà rí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ adágún Ẹlẹ́yẹlé fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ owó, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan. Ìbéèrè tó sì wà níwájú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí adágún náà ká kò ṣòro láti bi, ìdáhùn rẹ̀ ló ṣòro: lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ta ni yóò máa san owó tí kò ní jẹ́ kó tún bàjẹ́?

Ọdún 1942 ni ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn parí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé lórí odò Ọ̀nà, kí àwọn ará Ìbàdàn lè máa rí omi ẹ̀rọ mu. Lásìkò náà, igbó àti oko ló yí ibẹ̀ ká. Lónìí, ìlú ti fẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti kún etí omi, àwọn kan sì kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ilẹ̀ tó yẹ kó máa fa omi òjò mu ti di kọnkéré àti òrùlé páànù. Omi òjò kò ríbi rọ́ sí mọ́ ju inú gọ́tà lọ, gọ́tà ń gbé e lọ sínú odò kéékèèké, odò kéékèèké sì ń gbé e lọ sínú adágún, tòun ti yanrìn, ọ̀rá àti pàǹtírí. Bí ìsàlẹ̀ adágún bá ti ń kún fún yanrìn, omi tó lè gbà yóò máa dín kù. Bí omi tó lè gbà bá sì ti dín kù, òjò tí kò tó nǹkan lè mú un kún àkúnya.

Ìbàdàn mọ ohun tí àkúnya ń jẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé èèyàn tó lé ní igba lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn tún rọ̀. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú, afárá wó lóríṣiríṣi, títí kan afárá ọ̀nà Apẹ̀tẹ̀. Oníṣòwò tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí omi kò tilẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni, bí afárá bá ti já, oníbàárà kò lè dé, ọkọ̀ tó ń kó ọjà kò lè kọjá, owó ọkọ̀ yóò wọ́n sí i, ẹni tó yá owó ṣòwò yóò sì máa san èlé lórí ọjà tí kò tà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ni kò ní ìwé adójútòfò kankan. Ohun tí omi bá gbé lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Owó yíyá kì í ṣe ẹ̀bùn

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2011, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 fún iṣẹ́ àkúnya omi ní Ìbàdàn, àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ pé wọn yóò fi owó náà ṣe. Kò sí àní-àní pé irú owó bẹ́ẹ̀ wúlò. Ìjọba ìbílẹ̀ kankan kò lè dá iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ ṣe, ìpínlẹ̀ pàápàá yóò mí hẹlẹ kó tó lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe owó yíyá ní ẹ̀bùn. Bí èlé rẹ̀ tilẹ̀ kéré, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń san án padà. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí owó yìí ní 2014, dọ́là kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà. Oníṣòwò tó ń ra ọjà láti òkè òkun kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Gbèsè tí kò kúrò lójú kan nínú ìwé ti wúwo sí i lọ́rùn ẹni tó fẹ́ san án.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Báǹkì a máa yáni lówó láti kọ́ nǹkan tàbí láti tún un ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n kó yáni lówó láti máa gbá a mọ́ lóṣooṣù. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ lówó gọbọi, tí kò wá fi owó ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì sílẹ̀, kò ra jẹnẹrétọ̀, irin ló rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni dáàmù rí. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ògiri rẹ̀ wò, kí wọ́n máa kó yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa fa ojú oró àti koríko omi tu, kí wọ́n sì máa la ojú ibi tí omi àkúnya ń gbà jáde. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní ayẹyẹ ìṣílé, kò sí rìbọ́ọ̀nù tí gómìnà tàbí alága káńsù yóò gé. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti pa wọ́n tì. Kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àwọn tó fi falẹ̀ mọ iye tó ná wọn

Kò yẹ kí Ìbàdàn fi ara rẹ̀ kọ́gbọ́n lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ẹ̀kọ́ ti wà níbòmíràn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ya ní ẹ̀bá ìlú Maiduguri ní ìpínlẹ̀ Borno. Èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n kú, ọ̀kẹ́ àìmọye sì di ẹni tí kò nílé. Omi wọ inú ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Monday Market, ọjà tí àwọn oníṣòwò ti kó owó ọ̀pọ̀ ọdún sí bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yìn tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí 80 bílíọ̀nù náírà láti tún dáàmù náà kọ́. Owó náà ò ní ṣàì jáde, wọ́n kàn dúró kí àdánù kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni.

Àwọn òyìnbó náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló ni dáàmù Edenville, tó sé odò mọ́ tó fi di adágún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fi ń sọ fún un pé kó fẹ ojú ibi tí omi àkúnya ń gbà jáde, kò ṣe é. Ní 2018, wọ́n gba ìwé àṣẹ tó fi ń pèsè iná mànàmáná lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2020, dáàmù náà ya, omi tó tú jáde sì bo dáàmù Sanford tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 10,000 èèyàn ló sá kúrò nílé. Adágún tí wọ́n fi ń pe àwọn àlejò wá, tí àwọn oníléetí omi fi ń gbéra ga, gbẹ láàárín ọjọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́ rèé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Michigan gbé 200 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ ní 2022, kò sì tó. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Midland àti Gladwin fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó ní ilé àti ilẹ̀ tó ń jàǹfààní adágún náà san èyí tó kù, nǹkan bí 217 mílíọ̀nù dọ́là, kí wọ́n sì pín in sí ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onílé kan fárí gá, wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ, wọ́n ní owó náà ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti ń dá owó díẹ̀díẹ̀ láti fẹ ojú omi náà kí dáàmù tó ya, owó tí wọn ìbá san kì bá má tó báyìí. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Iṣẹ́ ta ni?

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí oníṣòwò san kọ́bọ̀ kan, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ ta ni èwo. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé àti ilé-iṣẹ́ omi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti káńsù, ìpínlẹ̀ ló ni í. Nítorí náà, ògiri dáàmù, ojú àkúnya, àti kíkó yanrìn ìsàlẹ̀ adágún, ìpínlẹ̀ ló yẹ kó fi owó tirẹ̀ ṣe é. Alága káńsù tó bá ní òun fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ìyá alátà kí òun fi tún ògiri dáàmù ṣe, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa adágún kì í bẹ̀rẹ̀ nínú adágún. Inú gọ́tà àti orí ààtàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìtọ́jú ojú títì àti gọ́tà, iṣẹ́ rẹ̀ náà ni kíkó pàǹtírí, iṣẹ́ rẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Òfin kan náà fún un lágbára láti máa gba owó ilé, níwọ̀n ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Ọ̀rá tó dí ojú omi lọ́dún tó bá ya, inú ọjà káńsù kan ló ti wá. Èyí jẹ́ pé káńsù kò lè ká ọwọ́ lẹ́rán kó ní ọ̀rọ̀ adágún kò kan òun.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe kó máa gba ọwọ́ gómìnà kọjá. Àwíjàre tí àwọn alága ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ wá, pé owó kò dé ọwọ́ àwọn, ìdájọ́ yìí ti gé e lẹ́sẹ̀. Níbi tí owó yìí bá ti dé, ibẹ̀ ló yẹ kí owó gọ́tà àti owó pàǹtírí ti kọ́kọ́ jáde, kó tó di pé wọ́n ń wo àpò aráàlú.

Bákan náà, omi kì í mọ ààlà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó àti ti Ìbàdàn Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn ló súnmọ́ adágún náà jù, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn. Bí káńsù kan bá gbá gọ́tà tirẹ̀, tí èyí tó wà lókè odò kò gbá tirẹ̀, iṣẹ́ asán ni wọ́n ṣe. Àpò kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo àwọn tí omi wọn ń ṣàn lọ sí Ẹlẹ́yẹlé dá owó sí, kí káńsù kọ̀ọ̀kan máa fi iye kan tí wọ́n jọ fẹnu kò sí síbẹ̀ lóṣooṣù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ ni kó fọ abọ́

Bí owó àpò ìjọba kò bá wá tó, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ san? Ọ̀nà tó rọrùn jù fún káńsù ni kó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kó rán àwọn agbowó sí ọjà. Ọ̀nà yẹn kò dára, ìṣirò lásán sì lè fi hàn. Ká ní 20,000 ṣọ́ọ̀bù ń san 200 náírà lóṣooṣù, tí kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù lọ́nà. Owó náà yóò jẹ́ 48 mílíọ̀nù náírà lọ́dún. Bí wọ́n bá ṣẹ́ 200 mílíọ̀nù dọ́là yẹn sí náírà ní 1,500, ó di 300 bílíọ̀nù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù náà yóò dá owó fún ohun tó ju 6,000 ọdún kí wọ́n tó lè san iṣẹ́ omi Ìbàdàn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé owó oníṣọ́ọ̀bù ni yóò tún nǹkan ńlá ṣe, bóyá kò mọ ìṣirò, bóyá ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àmọ́ 48 mílíọ̀nù lọ́dún lè san owó àwọn tó ń kó gọ́tà àti owó ọkọ̀ ìkólẹ̀ fún àgbègbè kan. Ìyẹn ni pé owó kékeré wà fún iṣẹ́ kékeré tí kì í tán, owó ńlá sì wà fún iṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, olè ló ń jàǹfààní.

Kí wọ́n tó kan ìyá aláta, àwọn kan wà tí adágún náà ń fún lówó tààrà. Àwọn tó kọ́ ilé ńlá, ilé ìtura àti gbọ̀ngán àríyá sí etí omi, tí ilẹ̀ wọn gbówó lórí nítorí pé wọ́n ń rí omi láti ojú fèrèsé, àwọn ló yẹ kí owó ilé wọn ga ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó ń wa yanrìn odò tà ní láti san, kí wọ́n sì wà á níbi tí wọ́n bá júwe fún wọn nìkan, nítorí pé yanrìn tí wọ́n bá wà níbi tó yẹ ń ran adágún lọ́wọ́, èyí tí wọ́n bá wà níbi tí kò yẹ ń ba bèbè rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó sì kọ́lé sójú ọ̀nà omi láìgba ìwé, owó ìtanràn tirẹ̀ kò yẹ kó kéré débi pé yóò rọrùn fún un láti san án kó sì jókòó. Ti apẹja tó ní ọkọ̀ ojú omi kan yàtọ̀. Òfin fún káńsù láṣẹ láti fún ọkọ̀ ojú omi níwèé, ṣùgbọ́n apẹja ni ojú tó ń wo adágún lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fi owó pa iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ti lé ọlọ́dẹ tí wọn kò sanwó fún lọ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà béèrè

Àwọn oníṣòwò kan yóò sọ pé àwọn kò ní san nǹkan kan mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù, owó pátákó, owó ilẹ̀ gbígbá àti owó ẹgbẹ́, tí kò sì rí gọ́tà tí wọ́n gbá níwájú rẹ̀, kò jẹ̀bi bó bá bínú. Ní ọdún 1998, ìjọba tilẹ̀ ṣe òfin tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sílẹ̀, tó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ojú ọ̀nà láti gba owó. Oníṣòwò tó ti rí àwọn tó ń fi igi dábùú ọ̀nà láti ìgbà náà mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé òfin náà sí.

Síbẹ̀, ìbínú kì í kó gọ́tà. Bí oníṣòwò bá kọ̀, tó sì jókòó sílé, káńsù yóò ṣe ìpinnu láìsí i nínú ìpàdé, tíkẹ́ẹ̀tì yóò sì dé náà ni. Ohun tó dára jù ni kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọn kí wọ́n tó ṣe ìṣúná owó ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì gbé nǹkan mẹ́rin síwájú rẹ̀.

Èkíní, kí owó adágún ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báǹkì, kí ó má ṣe bá owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀ alága pọ̀. Èkejì, kí wọ́n máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri káńsù àti ẹnu ọ̀nà ọjà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní èdè Yorùbá, níbi tí ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lè kà á. Ẹ̀kẹta, kí owó yòówù tí wọ́n bá ní kí oníṣọ́ọ̀bù san rọ́pò ọ̀kan nínú èyí tó ń san tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe gun orí rẹ̀. Kí rìsíìtì ọ̀hún jẹ́ ẹyọ kan, báǹkì ni kí wọ́n sì san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó gbé pátákó sọ́rùn. Ẹ̀kẹrin, kí ó ní ọdún tí yóò parí. Bí ọdún mẹ́ta bá pé, tí gọ́tà kò mọ́, tí wọn kò sì fa ojú oró, kí owó náà dúró fúnra rẹ̀ títí wọn yóò fi wá ṣàlàyé.

Àwọn oníṣòwò náà ní tiwọn láti ṣe. Ẹni tó ń béèrè fún gọ́tà tó mọ́ kò gbọ́dọ̀ máa da ọ̀rá sínú rẹ̀ lálẹ́ nígbà tó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyálọ́jà tó lágbára láti ti ọjà pa nítorí ìpàdé lágbára láti fi ọjọ́ kan lóṣù gbá ojú omi tó gba ẹ̀yìn ọjà rẹ̀ kọjá. Owó kankan kò sí nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ó lè dín iye tí káńsù yóò ná kù ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Àwọn káńsù Ìbàdàn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀. Ọdún 1980 ti sọ fún wọn, ọdún 2011 ti tún un sọ, Maiduguri sì ti fi han gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2024. Kò sí ọ̀nà kankan tí àwọn èèyàn Ìbàdàn lè gbà tí wọn kò fi ní san owó adágún Ẹlẹ́yẹlé. Bí wọn kò bá san án díẹ̀díẹ̀ nísinsìnyí, sínú àpò tí gbogbo èèyàn lè yẹ̀ wò, omi yóò wá gbà á lọ́wọ́ wọn lápapọ̀, kò sì ní já rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni.